Ta Ló Ni Ìrẹsì Jọ̀lọ́ọ̀fù?

Akọ̀wé wa ló ní kí n kọ ìlà mẹ́ta péré, tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ìrẹsì wa ní ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira, kí àwọn àlejò tó bá wá bá wa jẹun lè mọ ibi tí oúnjẹ náà ti ṣẹ̀ wá. Alága tilẹ̀ ti sọ ohun tí òun fẹ́ kó wà níbẹ̀: "Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, oúnjẹ ilẹ̀ Nàìjíríà." Mo ní kò burú. Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, n kò tí ì kọ ìlà kan. Ojú ìwé yìí ni mo wá kọ kún dípò rẹ̀. Kí Alága má bínú.

Ohun tó fà á ni pé ẹjọ́ wà lọ́rùn mi. Gbogbo ẹni tó wà níbi àpèjẹ wa ọdún tó kọjá ló mọ bó ṣe parí. Àwa àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Gánà la jọ ṣe é. Wọ́n gbé ìkòkò tiwọn wá, a gbé tiwa wá. Àwàdà la fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìrẹsì tiwa le bí òkúta wẹ́wẹ́, a ní tiwọn rọ̀ bí ẹ̀kọ. Wọ́n ní ata nìkan la mọ̀, a ní àwọn kò mọ ata rárá. Ẹ̀rín ń lọ. Nígbà tó yá ni èmi tí ẹnu mi kò ní ìlẹ̀kùn bá gbé àpò ńlá aláwọ̀ pupa àti búlúù tí a fi kó àwo wá, mo nà án sí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọbìnrin ará Gánà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kan náà, mo ní kó tètè máa di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí a ń pe àpò yẹn. Àwọn èèyàn wa bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó jáde. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ará Gánà ti gbé ìkòkò wọn sínú ọkọ̀. Lọ́dún yìí, wọn kò dáhùn ìwé tí a fi pè wọ́n.

N óò padà sórí ọ̀rọ̀ àpò náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìrẹsì, nítorí òun ni a rò pé à ń jà lé lórí.

Bí a bá fẹ́ mọ ilé tí ọmọ ti wá, orúkọ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ bi í. Jolof ni orúkọ ìjọba kan tí àwọn Wolof dá sílẹ̀ ní ibi tó jẹ́ ilẹ̀ Senegal lónìí. Ó ti lágbára kí àwọn Potogí tó gúnlẹ̀ sí etíkun ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ilẹ̀ bíi Waalo, Kajoor àti Bawol sì ń sìn ín, títí di ogun Danki ní 1549, nígbà tí Kajoor já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba náà fọ́, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò pa rẹ́. Ó wà lẹ́nu wa ní gbogbo Sátidé tí a bá wọ aṣọ ẹbí lọ sóde.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kọ́kọ́ rú mi lójú. Àwọn Wolof fúnra wọn kì í pe oúnjẹ náà ní jọ̀lọ́ọ̀fù. Ní Senegal, ceebu jën ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ìrẹsì ẹlẹ́ja. Ní Gambia, benachin ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìkòkò kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ yìí ní èyí fi hàn gbangba pé oúnjẹ náà kì í ṣe tiwọn. Mo bi í léèrè pé, ta ló ń sọ pé "gàrí Ìjẹ̀bú"? Ṣé ará Ìjẹ̀bú tó ń yan án ni? Nílé tirẹ̀, gàrí ni, ó parí. Ará Èkó tó fẹ́ rà á lọ́jà ló ń fi orúkọ ìlú kún un, kí wọ́n má baà wọn òmíràn fún un. Àlejò ló ń fi orúkọ ìlú pe oúnjẹ. Nítorí náà, nígbàkigbà tí àwa, àwọn ará Gánà, àwọn ará Sàró àti àwọn ará Làìbéríà bá la ẹnu pe jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ̀rí la ń jẹ́ lòdì sí ara wa.

Àwọn ará Senegal ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní obìnrin alásè kan wà tí ń jẹ́ Penda Mbaye, ní Saint-Louis, ìlú tí àwọn Faransé tẹ̀ dó ní 1659. Wọ́n ní ọkà tó ń lò tẹ́lẹ̀ wọ́n, ló bá fi ìrẹsì fífọ́ rọ́pò rẹ̀, oúnjẹ náà sì gba ìlú kan. Ìtàn ẹnu ni èyí, ẹ gbà á bí ẹ ṣe ń gba ìtàn ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrẹsì fífọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe àlọ́. Nígbà ìjọba amúnisìn, ẹ̀pà ni àwọn Faransé fẹ́ kí àgbẹ̀ Senegal máa gbìn, kí wọ́n lè kó o lọ fún òróró ní ilẹ̀ wọn. Ẹni tó bá fi gbogbo oko gbin ẹ̀pà yóò ra oúnjẹ jẹ. Indochina, ní ilẹ̀ Éṣíà, wà lábẹ́ wọn pẹ̀lú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó ìrẹsì tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ wá fún àwọn ará Senegal. Ohun tí a fi rọ́ wọn lọ́wọ́ ni wọ́n sọ di ohun àmúyangàn. Títí di òní, bí o bá fún wọn ní ìrẹsì gígùn tí kò fọ́, wọn a ní kì í ṣe èyí tó yẹ ìkòkò. Ní December 2021, UNESCO kọ ceebu jën sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní orúkọ Senegal. Àwa kò tilẹ̀ sí nínú ìwé náà.

Òpìtàn kan ní Amẹ́ríkà, James McCann, tó kọ ìwé lórí oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2009, fi ojú mìíràn wò ó. Lójú tirẹ̀, ó ṣòro kí oúnjẹ kan ṣoṣo gbéra ní etíkun Senegal kó sì rìn gbọọrọ títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ó tọ́ka sí ọ̀nà àwọn oníṣòwò Dyula, tí wọ́n tàn ká láti ilẹ̀ Mali. Ó ṣeé ṣe. Nínú ilẹ̀ Mali náà, níbi tí odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ìrẹsì tiwa-n-tiwa di ohun ọ̀gbìn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún sọ fún yín pé òyìnbó ló mú ìrẹsì wá.

Ohun tó sọ ìrẹsì náà di pupa ńkọ́? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí ni tòmátì ti wá, láti apá Gúúsù àti Mexico. Ibẹ̀ náà ni ata rodo àti tàtàṣé ti wá, lẹ́yìn tí Columbus dé ìhín ní 1492. Kọ́rì tí a ń bù sí i jẹ́ ọgbọ́n Íńdíà tí ó tọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí wa lọ́wọ́. Etí òkun Mẹditaréníà ni táìmù ti wá. Bí ìjọba Jolof bá fọ́ ní 1549, èmi kò rò pé ọba ibẹ̀ kankan jẹ ìrẹsì pupa rí. Àwọn ni wọ́n ni orúkọ, àwọn ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ni ìkòkò, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìkòkò gba ibi púpọ̀ kọjá.

Mo wá débi tí ó yà mí lẹ́nu jù. Kí ni à ń fi yangàn sí àwọn ará Gánà? Pé ìrẹsì tiwa kì í lẹ̀ mọ́ra, pé hóró kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe. Ìrẹsì olóòórùn dídùn ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n fẹ́ràn, ìrẹsì gígùn tí a ti bọ̀ tèèpo-tèèpo kí a tó bó o ni tiwa. Ọgbọ́n bíbọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn ará Íńdíà mọ̀ ọ́n, àwọn ìyá wa tó ń ṣe ìrẹsì ọ̀fadà náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, Houston yìí ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì! Ọ̀gbẹ́ni Erich Huzenlaub ló hùmọ̀ ọ̀nà náà. Oníṣòwò kan ní ìlú yìí, Gordon Harwell, bá a dòwò pọ̀, wọ́n dá Converted Rice sílẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n gbé e lọ sọ́jà ní orúkọ Uncle Ben's. (Mo tún gbọ́ láìpẹ́ yìí pé ẹnìkan nílé rò pé Rice University ìlú yìí ni a ti ń kọ́ nípa ìrẹsì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Orúkọ ọlọ́rọ̀ kan, William Marsh Rice, ni.)

Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa Uncle Ben's. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, ìrẹsì bíbọ̀ láti Texas, Louisiana àti Arkansas ya wọ Nàìjíríà bí òjò. Oúnjẹ tí a ń jẹ ní Kérésìmesì àti Iléyá nìkan tẹ́lẹ̀ wá di oúnjẹ ojoojúmọ́. Nígbà ìjọba Shagari, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ nítorí ìrẹsì nìkan, Umaru Dikko ni olórí rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ mọ ariwo tó tẹ̀lé e. Ní 1985 wọ́n fi òfin de kíkó ìrẹsì wọlé, òfin náà sì wà títí di 1995. Ṣùgbọ́n ahọ́n ti mọ ọ́n lára. Nígbà tí àpò ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í ti Thailand wá, bíbọ̀ náà la ní kí wọ́n bọ̀ ọ́ fún wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé hóró tó ń dá dúró gedegbe, tí a fi ń ṣe fáàrí pé tiwa ni, ó ní ẹsẹ̀ kan ní ìlú tí a jókòó sí yìí.

N kò sì lè mẹ́nu ba Uncle Ben's kí n má sọ ti ojú tó wà lára páálí rẹ̀. Wọ́n ní àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan ní Texas, tí ìrẹsì rẹ̀ dára gan-an, ni wọ́n gba orúkọ rẹ̀. Àwòrán ojú náà, ti Frank Brown ni, olórí àwọn agbáwo ilé oúnjẹ kan ní Chicago. Ẹnìkan ni wọ́n gba orúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n gba ojú rẹ̀, ẹlòmíràn pátápátá ló sì ni owó. Ní 2020 ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn yóò yọ àwòrán náà kúrò, wọ́n sì sọ orúkọ ọjà náà di Ben's Original. Àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Carolina, tí wọ́n mọ bí a ti ń gbin ìrẹsì nínú àbàtà, àwọn náà ló sọ àwọn ọ̀gá wọn di olówó. Ìrẹsì pupa Charleston tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ń sè, bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ ní Mushin, o kò ní bèèrè orúkọ rẹ̀ kí o tó ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Jambalaya tí wọ́n ń jẹ ní gbogbo ìhín títí dé Louisiana náà ńkọ́? Àwọn kan ní Spéènì ló ni ín, àwọn kan ní Faransé, àwọn kan ní àwa ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan là ń jà. Ilé aṣòfin Texas sọ chili di oúnjẹ ìpínlẹ̀ yìí ní 1977, síbẹ̀ àgbà ọkùnrin ṣì ń bá ara wọn ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí bóyá ẹ̀wà yẹ kó wọ inú rẹ̀. Tiwa sì ní apá tó pani lẹ́rìn-ín. Ní 2014 tí alásè ará Gẹ̀ẹ́sì nì, Jamie Oliver, gbé jọ̀lọ́ọ̀fù tirẹ̀ jáde, tí ó fi lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, Nàìjíríà àti Gánà fi ohùn kan bú u. Ní 2017, oníròyìn CNN kan bi mínísítà ìròyìn wa nígbà náà, Lai Mohammed, pé ilẹ̀ wo ni jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀ dùn jù. Ó ní Senegal. Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Ní September 2025, Hilda Baci se ìkòkò kan ní Victoria Island tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8,780 kílò, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ Guinness. Inú mi dùn, mo pariwo. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá kì í sọni di ẹni tó kọ́kọ́ dáná.

Ẹ jẹ́ kí a yí i padà sọ́dọ̀ ara wa. Ní Bahia ní Bùràsíìlì, àkàrà ni acarajé tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín ní ojú pópó. Epo pupa ni wọ́n ń fi dín in, orúkọ tí àwọn baba wa gbé dé ibẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n sì kò kúrò lára rẹ̀. Ní 2005 ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sílẹ̀ bí àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Àwọn kan wá tí wọ́n ń dín in bákan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí "àkàrà Jésù", nítorí wọn kò fẹ́ òórùn òrìṣà lára rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ó dùn mí dé egungun. Mo ní, ẹ dín in bó ṣe wù yín, ẹ fi edé sí i, ẹ tà á wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má yọ orúkọ wa kúrò. Ìgbà náà ni mo rántí ọmọbìnrin ará Senegal tó máa ń bá wa jẹun níbi àpèjẹ. Gbogbo ìgbà tí àwa àti àwọn ará Gánà bá ń pariwo, á kàn máa jẹun tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun rí.

Mo fóònù sí màmá mi nílé. Mo fẹ́ kọ bí a ti ń sè é nílé wa, ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí Ìyá àgbà ti kọ́ wọn, kí n lè rí ohun kan dì mú pé ti Yorùbá pọ́ńbélé nìyí. Màmá mi rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìyá àgbà ti kọ́ ọ? Kùmásí ni. Oúnjẹ ló ń tà níbẹ̀. Kùmásí ni wọ́n ti bí èmi gan-an, ṣé o ti gbàgbé ni?"

N kò gbàgbé, n kò kàn fi ọkàn sí i rí ni. Ní November 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò mọ ilé kankan ju ibẹ̀ lọ. Màmá mi ní ẹ̀yìn ni wọ́n pọn òun dé Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àpótí kan àti ìkòkò kan. Ìyá àgbà fi ilé sílẹ̀, ó fi àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sílẹ̀. Ìkòkò tí mo ń fi gbéra sí ọmọ Gánà lójú, Gánà ni wọ́n ti gbé e wá.

Ní January 1983, ó yí padà. Ìjọba wa ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde, àwọn ará Gánà tó kúrò sì lé ní mílíọ̀nù kan. Àpò aláwọ̀ pupa àti búlúù ni wọ́n di ẹrù sí, àwa sì fi ìrìn àjò wọn sọ àpò lórúkọ. Mo sọ fún màmá mi ohun tí mo ṣe níbi àpèjẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rò pé fóònù ti já.

"Àpò yẹn lo nà sí ọmọ ọlọ́mọ? Àwọn tó lé wa náà rẹ́rìn-ín. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn, tàbí pé ó dì mọ́ mi. Ó ní bàbá òun jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Ìbàdàn. Ó ní ní 1983, ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń kọrin lé e. Ó gbọ́ Yorùbá títí di òní, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ mọ́. Mo sọ ti Kùmásí fún un. Òun náà kò tí ì gbọ́ nípa 1969 rí, ó ní wọn kò kọ́ wọn. A jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní òun ní iṣẹ́ láti ṣe.

Mo tún lọ bá ọmọbìnrin ará Senegal. Mo bi í pé kí ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tí a bá ń jà. Ó ní òun máa ń rò pé kò sí ẹja níbẹ̀.

Nítorí náà, Alága, ìlà mẹ́ta yín nìyí. "Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwọn Wolof ilẹ̀ Senegal ló ni orúkọ rẹ̀. Bí a ti ń sè é nílé wa nìyí, a sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí ìkòkò jó ni." Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ yí i padà, kí wọ́n yí ìlà kẹta, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìkejì. Mo ti bẹ ọmọbìnrin ará Senegal náà pé kó se tirẹ̀ wá. Ó gbà, ó ní kí ẹgbẹ́ ra ẹja. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì fífọ́ ní Houston, kó bá mi sọ ọ́ kí ọjọ́ Jimọ̀ tó dé.

Ní àná, ẹgbẹ́ àwọn ará Gánà dá ìwé wa padà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àti pé ìkòkò tiwọn tóbi ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ọ̀rẹ́ mi kò fọwọ́ sí ìwé náà, n kò sì mọ̀ bóyá yóò wá.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, páálí ni kí a fi kó àwo wá lọ́dún yìí.